Ọmọ Tí Kì Í Ké Lẹ́nubodè

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ti rí ọmọ tó mọ oorun ún sùn jù láyé, irọ́ ló pa, àfi tó bá ti dé ẹnubodè wa. Ọmọ àǹtí mi ni mò ń wí. Sùnre là ń pè é. Ẹ̀yìn àǹtí mi ló máa ń sùn sí lọ́jọ́ ọjà, láti òdìkejì ibodè títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Òjò á pa á, kò ní sín. Oòrùn á mú débi pé aláǹgbá á máa yá agbòòrùn lọ́wọ́ èèrà, Sùnre ò ní làágùn. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè sí wa létí. Fèrè yẹn le débi pé àwọn òkú ìlú kẹta dìde jókòó, wọ́n ní, "Ta ló ń pè wá?" Sùnre ò mira.

Kò lè mira. Aṣọ ni.

Léèsì ni àǹtí mi máa ń ká, á ká a le bí ìrọ̀rí, á fi sátínì wé e, á ki òwú sínú ìbọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn lẹsẹ̀, á wá fi ọ̀já gbá gbogbo ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Tí o bá rí i láti ọ̀ọ́kán, ó kù díẹ̀ kí o bèèrè bóyá ó ti ń yọ eyín.

Ẹ má pè wá ní olè. Nígbà yẹn, owó ibodè tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ru ẹrù kékeré kò yàtọ̀ sí ti ọlọ́kọ̀ àjàgbé. Tí o bá san án tán, kí o kúkú bọ́ aṣọ ọrùn ẹ lé e, kí o máa lọ sílé bí wọ́n ṣe bí ẹ. Nítorí náà, kálukú ló ní ọgbọ́n tiẹ̀. Oníṣòkòtò máa ń wọ ọjà ẹ̀ sọ́rùn ni, ṣòkòtò lórí ṣòkòtò, á wá máa rìn bí ẹni tí eéwo sọ ní itan méjèèjì. Lọ́jọ́ tó ṣubú, a ò lè gbé e dìde. Ńṣe la yí i bí àgbá epo títí a fi dé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Oníbàtà ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló máa ń fi lọ, bàtà tuntun ló máa ń wọ̀ bọ̀, á tún yí padà. Bí ọ̀kùn bá ń wọ bàtà, kò lè rà tó tiẹ̀.

Èmi, dígí àti kóòmù ni mò ń tà, àwọn ohun tí kò tó nǹkan tí aṣọ́bodè fi máa yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Ẹrù tèmi gan-an, ẹnu mi ni. Mo ka ìwé dé kíláàsì kẹrin kí èmi àti olùkọ́ tó jọ fẹnu kò pé ó tó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ẹnu jẹun. Ẹnu-ò-sinmi ni gbogbo ẹnubodè ń pè mí. Tí a bá ti dé ìdí igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà, màá bẹ̀rẹ̀ àwàdà. Màá sọ ti ewúrẹ́ tó gba ìwé àṣẹ ìrìnnà, màá sọ ti ìyá arúgbó tó bá ìjì jìjàkadì tó sì dá a. Àwọn aṣọ́bodè á máa rẹ́rìn-ín, àǹtí mi á sì ti kọjá pẹ̀lú ọmọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: ohun tó wà lẹ́yìn àǹtí mi yẹn ni gbogbo òwò ẹ̀. Kò ní ọjà mìíràn nílé. Tí wọ́n bá gba Sùnre, ṣọ́ọ̀bù ti kú nìyẹn. Ẹ̀yìn yẹn kan náà ló sì tọ́ mi. Ìyá wa kú nígbà tí mi ò tíì lè dá jókòó, àǹtí mi ló pọ̀n mí kiri títí ẹsẹ̀ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Òun ló máa ń sọ ọ́ pé òun ti pọ̀n ju ọmọ kan lọ, ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù nínú wọn, ariwo ló kún inú ẹ̀.

Aṣọ́bodè kan wà nídìí igi tí a ń pè ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Ọkùnrin yìí jẹ́jẹ́ débi pé tó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ imú ẹ̀. Àwọn yòókù máa ń jágbe mọ́ni, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ta apẹ̀rẹ̀ èèyàn. Òun, kíkí ni.

"Ìyá Sùnre, ẹ káàbọ̀ o. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń sùn, ọ̀gá."

"Ó mà ń sùn o."

"Oògùn ibà ni wọ́n fún un."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ rọra o, kí orí ẹ̀ má baà yẹ̀."

Nígbà tí òtútù mú lọ́dún kan, ó mú fìlà kékeré kan jáde lápò, fìlà onírun àgùntàn tó ní ìdì òwú roboto lórí. Ó ní, "Ìyàwó mi ló hun ún. Òtútù yìí ò dáa fún ọmọdé." Àǹtí mi gbà á, ó kúnlẹ̀. Èmi ní tèmi, nígbà tí a kọjá tán, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo wá ẹ̀gbẹ́ mi tì. Mo ní, "Àǹtí! Ó fún léèsì ní fìlà! Lọ́jọ́ mìíràn, á mú wàrà wá!" Àǹtí mi ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni bá ṣe ọ́ lóore, mú ẹnu ẹ kúrò lára ẹ̀." Láti ọjọ́ náà, fìlà yẹn ò kúrò lórí Sùnre.

Bẹ́ẹ̀ la wà kí Ọ̀gá Pátápátá tó dé láti olú iléeṣẹ́ wọn. Ikùn ẹ̀ ti wọ ọ́fíìsì tán kí òun fúnra ẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní ìjà àárín aṣọ́bodè àti oníṣòwò kékeré ti sú òun. Kò parọ́. Ẹkún pọ̀ níbẹ̀, ẹrù pọ̀ tó fọ́, ẹnikẹ́ni ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ó ní òun máa pe ìpàdé ìrẹ́pọ̀, kí a jọ jókòó, kí a jọ mu mínírà, kí a sọ tinú wa.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ló wá bá mi nídìí dígí.

"Ẹnu-ò-sinmi, ọ̀gá wa fẹ́ kí a ṣe eré díẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹ̀yin ẹ ṣe aṣọ́bodè, àwa a ṣe oníṣòwò. Kí kálukú lè mọ bó ṣe ń rí lára ẹnìkejì."

"Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín! Màá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọn á máa fi kẹ̀kẹ́ kó òkú!"

"Mo mọ̀ pé o lè ṣe é." Ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. "Àmọ́ eré ni o. Èyí tí kò bá ṣeé gbé jáde, jẹ́ kó jókòó sílé."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀." Kí ni mo gbọ́ nínú ohun tó sọ? Mo gbọ́ "eré."

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n ta àtíbàbà síwájú ọ́fíìsì, wọ́n to àga rọ́bà, wọ́n gbé mínírà tútù jáde nínú bàsíà oníyìnyín. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Aṣọ́bodè tó fi bàtà tẹ apẹ̀rẹ̀ tòmátì mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń ṣí ìgò fún ẹlẹ́ran-gbígbẹ. Ọ̀gá Pátápátá gba máìkì. Ó ní ìlà máa wà lọ́tọ̀ fún oníṣòwò kékeré, owó ibodè wọn máa dín kù débi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí ìdí tó fi máa sá fún un. Ó wá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ búra.

"Ohun tí a bá sọ lábẹ́ àtíbàbà yìí lónìí, abẹ́ àtíbàbà yìí ló máa sùn!"

A pàtẹ́wọ́ débi pé ẹyẹ kan já bọ́ láti ojú ọ̀run. Bóyá ó ti ń kú tẹ́lẹ̀. Ó já bọ́ ṣáá ni.

Eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé mi ní fìlà aṣọ́bodè, ó tóbi débi pé mo ní láti gbé àgbọ̀n sókè kí n tó ríran. Aṣọ́bodè kan tó sanra ló kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ò ru nǹkan kan. Mo ní, "O ò ru nǹkan kan? Kí ló dé tí o fi ń rìn bí àkàbà?" Mo di bẹ́líìtì ẹ̀ mú. "Ẹ bá mi bó èèyàn yìí bí àlùbọ́sà! Ṣòkòtò kìíní, ẹ jáde! Èkejì, ẹ tẹ̀lé e! Àlùbọ́sà yìí mà fẹ́ pa wá lẹ́kún!" Gbogbo abẹ́ àtíbàbà wó pẹ̀lú ẹ̀rín. Oníṣòkòtò fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ lu itan, itan yẹn ò sì dún, torí pé aṣọ ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan nípa ẹ̀rín fún yín. Kò yàtọ̀ sí ọtí. Èyí tí o mu ló ń pe èyí tí o kò tíì mu. Mo wo Ọ̀gá Pátápátá, omijé ń dà lójú ẹ̀, ikùn ẹ̀ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo ní nínú mi pé èyí ò tíì tó nǹkan kan.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ló kàn. Ó ró ìró, ó wé gèlè tó dà bí ilé ẹyẹ, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lórí. Ó kàn fẹ́ kí n tú apẹ̀rẹ̀ wò, kí òun sunkún díẹ̀, kí eré parí. Bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyẹn. Èmi ni mo lọ fa tìmùtìmù yọ lórí àga Ọ̀gá Pátápátá. Èmi ni mo dì í mọ́ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn. Àwọn èrò ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó lanu.

"Ìyá ọmọ, ẹ dúró! Ọmọ yìí mà mọ̀ ọ́n sùn o. Ọdún wo la bí i? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń ṣègbéyàwó!"

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

"Ọmọ ń sùn, ọ̀gá," ló wí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ jẹ́ kó sùn."

Háà! Mo ní ọkùnrin yìí mọ eré í ṣe jù mí lọ. Mo tẹ ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà padà, gbì! "Ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ kó wá kí ọ̀gá!" Mo tú ọ̀já, mo gba tìmùtìmù mú, mo yí i padà, mo figbe ta. "Yéè! Ẹ gbà mí o! Ọmọ yìí ní sípì!"

Ẹ̀rín tó bú nígbà yẹn, ó gbé àtíbàbà kúrò lórí òpó kan.

Ọ̀gá Pátápátá ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó nu ojú, ó rọra bèèrè, bí ẹni tó ń bèèrè iyọ̀: "Ṣé irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀?"

Ojú kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Gbogbo àwa tí a ń rẹ́rìn-ín, a yíjú lẹ́ẹ̀kan náà, a wo àǹtí mi.

Ó jókòó lórí àga rọ́bà, mínírà tí kò tíì mu dé ìdajì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Kò pọn nǹkan kan lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ kan ti lọ sẹ́yìn, ó ń fọwọ́ gbá ibi tí orí ọmọ máa ń wà.

Lójú ọ̀nà ilé, mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín?"

"Mo rí i."

"Ọ̀gá ti ṣèlérí, ẹ má mikàn. Abẹ́ àtíbàbà ló máa sùn."

"Wọn ò ti tú àtíbàbà náà bí?"

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó ní òun ò lọ. Ó ti ra léèsì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á fún un ní òdìkejì, ó ní kó wà níbẹ̀ ná, títí ìlà tuntun tí wọ́n wí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo lọ jókòó tì í nílé. Mo ní, "Àǹtí, ta ló wà nídìí igi? Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kọ́? Ọ̀rẹ́ mi ni. Ta ló fún Sùnre ní fìlà? Tí ẹ ò bá gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹ gba èmi tí ẹ pọ̀n gbọ́." Ó wò mí títí. Ó dìde, ó mú ọ̀já.

Nígbà tí a ń bọ̀, oòrùn ti wà ní àtàrí. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dúró nídìí igi. Lẹ́yìn ẹ̀, Ọ̀gá Pátápátá jókòó lórí àga rọ́bà, tìmùtìmù ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ti ewúrẹ́ tó gba ìwé àṣẹ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo fi ti ìyá arúgbó kún un. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń da omi sínú agbọ̀n.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ò bèèrè ọmọ. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ dúró. Ẹ sọ ọmọ kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tèmi. Bí mo ṣe tò ó ló ṣe tò ó.

"Ó ń sùn, ọ̀gá," ni àǹtí mi wí.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Àǹtí mi ò mira. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fúnra ẹ̀ ló tú ọ̀já náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí agbẹ̀bí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Fìlà ló kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn náà ló tú sátínì, ló tú léèsì, ó ń tú, kò tán, àwọ̀ ń yọ lábẹ́ àwọ̀, títí ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì fi já bọ́ sílẹ̀.

Ni àǹtí mi bá figbe ta. Mo ti gbọ́ igbe rí, mo ti ṣe igbe rí fún àwàdà. Èyí ò sí nínú èyí tí mo mọ̀. "Ọmọ mi o! Ẹ ti pa mí lọ́mọ o!" Àwọn tó wà lẹ́yìn lórí ìlà ò rí tábìlì, ẹkún ìyá nìkan ni wọ́n gbọ́. Obìnrin oníṣu kan sọ ẹrù kalẹ̀, ó káwọ́ lórí. Awakọ̀ kan ṣí fìlà. Bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá tì mí, ó ní, "Ọmọ, kí ló pa á?"

Mo ní, "Ẹnubodè ni, bàbá."

Ó mi orí. "Ibà ẹnubodè burú."

Mo bá Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ọ́fíìsì, nídìí àgbá omi. Ó ń fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Ẹ dalẹ̀! Mo pè yín lọ́rẹ̀ẹ́, ẹ dalẹ̀ mi! Ẹ̀yin lẹ ní kí a ṣeré, ẹ̀yin lẹ tún fi eré mú wa!"

Ó ń fọwọ́ lọ. Ó ní, "Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ hun fìlà yẹn, ó bi mí pé báwo ni orí ọmọ náà ṣe tóbi tó. Mo ní, ó tó ìdì léèsì mẹ́ta."

Ẹnu mi, tí kì í sinmi, sinmi.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kí aṣọ, Ẹnu-ò-sinmi. Mo ń kí aṣọ, mo ń bẹ aṣọ pé kó rọra sùn. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ ọ́, mo lè má rí i. Ìwọ lo sọ ọ́ níṣojú ọ̀gá mi. Mo tẹ ẹsẹ̀ ẹ."

"Ẹ ò bá ránṣẹ́ sí wa! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí a tó dé ìdí igi!"

Ìyẹn ló dùn ún. Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọ̀gá ní ẹni tó bá ta yín lólobó, iṣẹ́ ẹ̀ á bá ẹrù náà lọ. Àwọn ọmọ tèmi máa ń ké tí ebi bá pa wọ́n." Ó mú fìlà kékeré náà jáde lápò, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Mi ò kọ ọ́ mọ́ ẹrù tí a gbà. Kì í ṣe ọjà."

Mo kórìíra ẹ̀ títí di òní. Mo sì mọ̀ pé ara mi ni ìkórìíra náà ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ìlà tuntun dé lóòótọ́. Wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n gbé bẹ́ńṣì síbẹ̀ fún àwọn àgbà. Owó ibodè wálẹ̀, o lè san án kí o sì tún rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá Pátápátá ṣèlérí ló ṣe, àfi èyí tó gbé ọwọ́ sókè ṣe. Oníṣòkòtò ti ń ru ọjà ẹ̀ lórí bí ọmọ èèyàn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìyàwó ẹ̀ lé e jáde lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní ọkọ òun máa tó dé. Aṣọ́bodè ń kí oníṣòwò, oníṣòwò ń kí aṣọ́bodè. Ayé dára níbẹ̀.

Àǹtí mi ò ní ohun tó máa rù gba ìlà náà. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ilé aránṣọ kan ló ti ń bá wọn rán bọ́tìnì báyìí.

Mo máa ń lọ sí yàrá ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo gbé fìlà náà dání. Bí mo ṣe wọlé, ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò bínú, kò pariwo. Ó ṣí báàgì ẹ̀, ó gbé e wá síwájú mi. Ó tú etí ìró ẹ̀, ó fi hàn mí pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wá gbé apá méjèèjì sókè.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Àǹtí, èmi ni."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

Mo na fìlà náà sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbà á. Ẹ fi pamọ́." Mo wá àwàdà kan, èyíkéyìí, ti ewúrẹ́, ti ìyá arúgbó, mi ò rí ọ̀kan. Ó sì rọra yíra padà, apá ẹ̀ ṣì wà lókè, kí n lè rí ẹ̀yìn tó pọ̀n mí, pé òfìfo ni.

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni.